Ọ̀gá Mi, Bàálù Àwòdì àti Àga Tísà

Ìṣẹ́gun, 5 Èbìbí

A sin ọ̀gá lọ sí Mẹ́kà láàárọ̀. Ilẹ̀ ti ṣú báyìí, ọ̀gá ò tíì kúrò l'Ékòó.

Gbogbo àdúgbò ló jáde. Àlàájì Abdussalam, tí ṣọ́ọ̀bù káfíńtà wọn dojú kọ ṣọ́ọ̀bù àga wa, ló ṣe àdúrà. Wọ́n fà á gùn débi pé àwọn ọmọdé jókòó sílẹ̀. Ọ̀gá wá ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń lọ Mẹ́kà ṣe gbọ́dọ̀ ṣe. Wọ́n ń dárí jì wọ́n. Ó kan Àlàájì Abdussalam, wọ́n pe ọ̀gá lórúkọ:

"Ọ̀ṣẹ́nì, jẹ́ kí bàálù gbéra ná. Àforíjì ò ní sá lọ."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín. Lọ́dún tó kọjá, a sìn wọ́n báyìí náà, a sunkún, físà ò jáde, wọ́n sì padà wọ Muṣin lálẹ́ ọjọ́ náà pẹ̀lú báàgì wọn lórí. Láti ìgbà yẹn ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní Àlàájì Ìkẹjà. Oníbàárà kan tiẹ̀ rò pé orúkọ tí bàbá wọn sọ wọ́n nìyẹn.

Èmi ni mo gbé báàgì tẹ̀lé wọn dé àgọ́ arìnrìn-àjò n'Íkẹjà. Wọ́n ti wọn báàgì, wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò, ọ̀gá ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ni rédíò bá ní ìjọba ti dá gbogbo bàálù Àwòdì, ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbé ọ̀gá lọ, dúró pátá, kò sí èyí tó gbọdọ̀ kúrò nílẹ̀ títí wọn yóò fi yẹ ẹ́ńjìnnì wọn wò. Èyí tó gbéra lọ́sàn-án ló kẹ́yìn.

Òṣìṣẹ́ kan jáde sí wa. "Ẹni tó bá nílé l'Ékòó kó máa lọ sílé. A máa pè yín."

Ọ̀gá ní, "Èmi ò nílé l'Ékòó."

Mo ní, "Ọ̀gá, ẹ nílé. Muṣin ló wà. Èmi gan-an ń gbé ibẹ̀."

Wọ́n gbá mi lórí.

Nígbà tí a dé ìta, wọ́n ní, "Roqeeb, mi ò ní gbé báàgì yìí wọ Muṣin lẹ́ẹ̀kejì. Tí wọ́n bá tún máa gbúròó mi, kó jẹ́ láti Mẹ́kà. Tí ẹnikẹ́ni bá bi ẹ́, mo ti lọ."

"Ọ̀gá, ẹ mọ̀ pé mi ò lè purọ́. Ojú mi máa ń tú mi fó."

"Ta ló ní kó o purọ́? Mo ní kó o má sọ òótọ́ ni."

Mo ronú sí i títí a fi dé Ojú Ẹlẹ́gbà. Mi ò rí ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀.

Ọjọ́rú, 6 Èbìbí

Ilé Tísà Theophilus ní Súrùlérè ni ọ̀gá sùn. Wọn ò ní ibòmíràn tí wọ́n lè lọ, gbogbo ẹbí wọn ló wà ní Muṣin, ẹnu gbogbo wọn ò sì ní ìdérí.

Tísà ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ìyàwó wọn ti kú, ọmọ Ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà ni wọ́n. Àga mẹ́fà wọn ni a ti ya aṣọ ara wọn dànù ṣáájú Kérésìmesì. Wọn ò jẹ́ kí a gbé e kúrò nílé nítorí ẹni tó ṣe é fún wọn tẹ́lẹ̀ gbé méjì lọ, wọn ò rí i mọ́. Nítorí náà, egungun àga ló kún pálọ̀ wọn láti ìgbà yẹn, wọ́n sì ń jókòó sórí páálí.

Nígbà tí wọ́n ṣí géètì fún wa lánàá, wọ́n wo ọ̀gá láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀ṣẹ́nì! Aṣọ funfun lo wọ̀ wá ṣiṣẹ́?"

"Tísà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sùn síbí."

"O ò ní lọ títí o fi máa parí ẹ̀? Olúwa, o ṣeun."

Ọ̀gá ṣàlàyé. Tísà rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di géètì mú. Nígbà tí wọ́n rí èémí, wọ́n ní, "Yàrá ẹ̀yìn ṣófo, máa sùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń lọ kan Kaaba, àga mi ni yóò kọ́kọ́ kàn."

"Tísà, mo ti ní in lọ́kàn pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni..."

"Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ti dàgbà, Ọ̀ṣẹ́nì. Ó ti tó ọkọ fẹ́."

Ọjọ́bọ̀, 7 Èbìbí

Ọ̀gá ní kí n lọ kó irinṣẹ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù, kí n má sì gbàgbé òòlù wọn, èyí tí wọ́n fi awọ wé ọwọ́ rẹ̀. Mo ní ṣé òòlù míì ò lè ṣe é. Wọ́n ní òòlù míì kì í gbọ́ èdè wọn.

Mo ń ti ìlẹ̀kùn nígbà tí Àlàájì Abdussalam pè mí láti òdìkejì ọ̀nà.

"Roqeeb! Níbo lò ń gbé òòlù ọ̀gá ẹ lọ?"

"Ibi iṣẹ́, sà."

"Iṣẹ́ wo?"

"Iṣẹ́ àga, sà."

"Ta ló máa lò ó?"

"Ẹni tó mọ̀ ọ́n lò, sà."

Wọ́n tẹjú mọ́ mi. Mo tẹjú mọ́ wọn. Òógùn wọ̀ mí lójú, mi ò nù ún. Wọ́n ní kí n máa lọ. Gbogbo ohun tí mo sọ, òótọ́ ni.

Ẹtì, 8 Èbìbí

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Àlàájì Abdussalam dìde ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ní kí gbogbo wa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bàálù tó gbéra kẹ́yìn kí wọ́n tó dá Àwòdì dúró ló gbé Ọ̀ṣẹ́nì wa. Gbogbo ilé dáhùn pé Allahu Akbar. Gbogbo ènìyàn ń dì mọ́ mi. Ọkùnrin kan ní orí ọ̀gá mi dára.

Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò bi mí. Ṣùgbọ́n mo jẹ nínú àkàrà tí wọ́n fi ṣe sàárà, ó sì ń yọ mí lẹ́nu.

Nígbà tí mo délé, Ìyá Fadilah, ìyàwó ọ̀gá, pè mí sí kọ̀rọ̀. Wọ́n gbé ọ̀rá kan fún mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀gá ló wà nínú rẹ̀, àti abọ́ ọbẹ̀ tí kò níyọ̀.

"Gbé e fún wọn."

"Fún ta ni, Ìyá Fadilah?"

"Fún ẹni tó ń fi nọ́ńbà Nàìjíríà pè mí láti Mẹ́kà, tí mo ń gbọ́ onímóínmóín tó ń polówó lẹ́yìn ẹ̀. Sọ fún wọn pé mi ò mọ nǹkankan o. Kí wọ́n má ṣe jẹ iyọ̀."

Mo jíṣẹ́ bó ṣe wà. Ọ̀gá ní, "Ṣé ó bínú?" Mo ní rárá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ló burú.

Àìkú, 10 Èbìbí

Ohùn ọ̀gá fẹ́rẹ̀ẹ́ tú wa fó lónìí. Àdúgbò ti ń da Ìyá Fadilah láàmú pé àwọn fẹ́ gbóhùn Àlàájì. Ọ̀gá bá gba ohùn wọn sílẹ̀ lórí fóònù, wọ́n fi ránṣẹ́ sí wátsáàpù àdúgbò. Ọ̀gá náà kò fẹ́ purọ́, ìrìn-àjò mímọ́ ni wọ́n dáwọ́ lé. Ohun tí wọ́n sọ kò ju, "Ará ilé, mo kí yín. Ibi tí mo dé, mo dúpẹ́. Ooru mú. Ẹ máa gbàdúrà fún mi."

Ó dára. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lẹ́yìn fẹ́ńsì Tísà ń kọrin lọ́wọ́, akọrin pọ̀, dùùrù ń dún. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù Làbákẹ́ tó ń ta òwú ìránṣọ, gbogbo wọn na etí.

Làbákẹ́ ní, "Ṣé orin ìyìn ni mò ń gbọ́ ní Mẹ́kà?"

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Kí n tó la ẹnu, Àlàájì Abdussalam jágbe láti ọ̀nà.

"Rédíò ẹnì kan ni! Ṣé ẹ rò pé ọmọ Nàìjíríà kan ṣoṣo ló wọ bàálù yẹn ni? Làbákẹ́, tà mí ní òwú, jẹ́ kí n lọ."

Káfíńtà ni wọ́n. Mi ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ fi òwú ṣe.

Ìṣẹ́gun, 12 Èbìbí

Òjò. Fóòmù ti tún gbówó lórí l'Ọ́yìngbò. Rédíò ní bàálù máa fò lọ́la.

Ọjọ́rú, 13 Èbìbí

Bàálù ò fò. Rédíò ní lọ́la.

Tísà ń gbádùn ara wọn. Wọ́n máa ń gbé páálí wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀gá, wọ́n á máa wo iṣẹ́ náà bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù. Tí ọ̀gá bá kan ìṣó kan, wọ́n á ní, "Ìyẹn ti wọlé dáadáa." Lónìí wọ́n bi ọ̀gá léèrè ìdí tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ fi máa ń gba iṣẹ́ tí wọn ò ní ṣe.

Ọ̀gá fi òòlù họ orí. "Tísà, tí mo bá sọ fún yín pé kò ní ṣe é ṣe, ẹ máa gbé e fún ẹlòmíràn."

"Wàyí o, ohun tí Àwòdì ń fi ìwọ náà ṣe nìyẹn."

Èmi ni mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá fi fóòmù sọ̀kò lù mí.

Ẹtì, 15 Èbìbí

Mi ò fẹ́ràn bí ọ̀gá ṣe rí lónìí. Wọn ò jẹun. Mo bá wọn ní yàrá ẹ̀yìn, aṣọ funfun ihraamu méjèèjì wà lórí itan wọn, wọ́n ń ká a, wọ́n ń tú u, wọ́n tún ń ká a.

Wọ́n ní tí pápákọ̀ òfurufú Jẹ́dà bá ti ìlẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń lọ Mẹ́kà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ kí Àwòdì tó gbéra, ó tán nìyẹn. Wọ́n ní àwọn ò ní dán an wò mọ́. Orúnkún wọn ti ń dún, ọwọ́ wọn náà ti ń gbọ̀n tí wọ́n bá di ìṣó mú. Wọ́n ní ìyá wọn fẹ́ lọ títí ó fi kú, wọ́n sì ṣèlérí fún un létí pé àwọn máa bá a dé ibẹ̀.

Mi ò mọ ohun tí ènìyàn ń sọ nírú ìgbà bẹ́ẹ̀. Ní abúlé wa ní ẹ̀bá Ìsẹ́yìn, tí nǹkan bá le, a máa ń wá nǹkan ṣe ni. Mo ní, "Ọ̀gá, àga kẹrin ṣì wọ́ lápá òsì."

Wọ́n gbójú sókè. "Kò wọ́."

"Ó wọ́."

Wọ́n dìde, wọ́n ń bú mi lọ sí pálọ̀. Ó wọ́ lóòótọ́. Wọ́n tú u, wọ́n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà wọ́n jẹ ẹ̀bà.

Àbámẹ́ta, 16 Èbìbí

Àga mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ti parí! Aṣọ aláwọ̀ ewé, bọ́tìnnì lẹ́yìn, kò sí ibi tó hunjọ. Tísà yí wọn ká. Wọ́n fọwọ́ pa ọ̀kan lórí bí ẹni ń kí ọmọ.

Mo ní, "Tísà, ẹ jókòó."

"Lórí èyí? Aṣọ oko ni mo wọ̀."

Wọ́n lọ wẹ̀. Wọ́n wọ agbádá tí wọ́n fi ń lọ ìsìn. Wọ́n jókòó, wọ́n di ojú. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ọ̀ṣẹ́nì, bẹ́ẹ̀dì mi náà ń dún o."

Ajé, 18 Èbìbí

Wọ́n ti dá Àwòdì padà sẹ́nu iṣẹ́! Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ o, mẹ́ta péré ni wọ́n ní ó yege. Ọjọ́rú ni wọn yóò kó àwọn tó kù. Ẹni tí kò bá sí ní àgọ́ kí oòrùn tó dé àtàrí, wọ́n á gbé ẹlòmíràn sí àyè rẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, Jẹ́dà á ti ìlẹ̀kùn.

Mo fò sókè ní ṣọ́ọ̀bù. Làbákẹ́ ní kí ló dé. Mo ní inú mi dùn sí Àwòdì. Ó ní, "Ìwọ tí o ò wọ bàálù rí?" Mo ní ṣé ènìyàn gbọ́dọ̀ gun ẹṣin kó tó fẹ́ràn ẹṣin ni.

Mo bá onímọ́tò kan ní Yábà sọ̀rọ̀ pé kó wá gbé ọ̀gá ní Súrùlérè láàárọ̀ Ọjọ́rú. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀.

Ọjọ́rú, 20 Èbìbí

Aṣọ mi ò tíì gbẹ, ṣùgbọ́n mo máa kọ ọ́.

Òjò bẹ̀rẹ̀ lóru, kò dáwọ́ dúró. Ní àárọ̀, onímọ́tò Yábà pè mí pé òun ò lè wọ Súrùlérè, omi máa wọ ẹ́ńjìnnì òun. Kò pẹ́, ọ̀gá pè.

"Roqeeb, omi ti gba gbogbo ojú ọ̀nà Tísà. Kò sí mọ́tò tó fẹ́ yà wá síbí." Ohùn wọn kéré. "Ó jọ pé ó ti tán."

Mo ní, "Kò tíì tán." Mo pa fóònù náà mọ́ wọn lẹ́nu.

Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló ga tó ní àdúgbò wa: ọkọ̀ akẹ́rù tí Àlàájì Abdussalam fi ń kó pákó. Tí mo bá dákẹ́, ọ̀gá ò ní dé Mẹ́kà. Tí mo bá sọ, ọ̀gá máa pa mí nígbà tí wọ́n bá dé. Mo yan kí wọ́n pa mí. Mo sáré sọdá.

"Àlàájì, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi wà ní Súrùlérè. Wọn ò lọ síbì kankan. Ẹ bá mi gbé wọn lọ Ìkẹjà. Tí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ máa rín in lójú ọ̀nà."

Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà ti ń ṣiṣẹ́. Àlàájì Abdussalam jókòó sídìí rẹ̀ pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ àti fìlà.

"Láti àárọ̀ ni mo ti ń retí ẹ. Kí ló dá ẹ dúró tó báyìí? Wọlé!"

A ti dé Ìdí-Òró kí n tó lè la ẹnu. "Ẹ mọ̀?"

"Láti ọjọ́ òòlù. Òòlù tí Ọ̀ṣẹ́nì ò jẹ́ kí ọmọ bíbí inú ẹ̀ fọwọ́ kàn, ìwọ ń gbé e káàkiri, ò ń dá mi lóhùn bí agbẹjọ́rò."

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún àdúgbò?"

Wọ́n fun fèrè mọ́ ọlọ́kadà kan. "Pápákọ̀ òfurufú Kánò ni wọ́n ti dá èmi náà padà lọ́dún tèmi. Ilé àna mi l'Ágége ni mo sá sí. Kò sí òòlù, kò sí àga, ìyá ìyàwó mi nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀gá ẹ tiẹ̀ gbádùn." Wọ́n yí padà sí mi. "Tí o bá sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, màá fi ayùn gé ẹ."

Mo kọ ọ́ síbí nìkan. Mi ò sọ ọ́.

Omi dé orúnkún ní iwájú ilé Tísà. Ọ̀gá dúró lórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ funfun, Tísà ń fi agbòòrùn bò wọ́n. Kí aṣọ wọn má bàa rẹ, mo pọ̀n wọ́n. A dé àárín omi kí wọ́n tó rí ẹni tó wà nídìí ọkọ̀.

Wọ́n le gbagidi lẹ́yìn mi. "Roqeeb, sọ̀ mí kalẹ̀."

"Ọ̀gá, omi ni."

"Mo ní sọ̀ mí kalẹ̀! Màá padà sínú ilé!"

"Mi ò sọ̀ yín. Mẹ́kà lẹ̀ ń lọ."

"Ọmọ burúkú! Ta ló kọ́ ẹ níṣẹ́?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ dì mí lọ́rùn mú dáadáa."

Àlàájì Abdussalam yọ orí síta. "Ọ̀ṣẹ́nì! Ṣé ẹ̀yìn ọmọ yìí lo máa gùn dé Jẹ́dà ni? Bọ́ sínú ọkọ̀, jàre. Oòrùn ń lọ!"

Kò sí oòrùn kankan. Ṣùgbọ́n ọ̀gá bọ́ sínú ọkọ̀. Tísà náà wọlé, wọ́n ní àwọn ò lè ṣe gbogbo eléyìí kí àwọn má rí òpin rẹ̀. Láti Súrùlérè dé Ìkẹjà, àwọn méjèèjì tó wà níwájú ò wo ara wọn lójú. Tísà ló ń sọ̀rọ̀ fún gbogbo wa.

Nígbà tí a dé ẹnu géètì àgọ́, wọ́n ti ń pe orúkọ. Ọ̀gá gbé báàgì wọn. Wọ́n rìn díẹ̀, wọ́n padà wá sí ojú fèrèsé ọkọ̀.

"Abdussalam. Dárí jì mí."

Àlàájì Abdussalam ń wo iwájú. Wọ́n tún fìlà wọn ṣe.

"Lọ ná. Tó o bá dé, a máa jà á tán."

Ọ̀gá rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí mo ti gbé báàgì wọn. Wọ́n sáré wọlé, orúnkún wọn kò dún rárá.

A dúró lẹ́bàá ọ̀nà nínú òjò títí Àwòdì fi gbéra. Ó pariwo, ó kọjá lórí wa, Tísà sì ṣí fìlà. Mo ń wò ó bóyá ó máa padà. Kò padà.

Àìkú, 24 Èbìbí

Ọ̀gá fi fídíò pè wá lọ́sàn-án, nọ́ńbà ilẹ̀ Lárúbáwá gidi. Gbogbo àdúgbò rọ́ wá sí iwájú ṣọ́ọ̀bù wa, bí òjò tilẹ̀ tún ń rọ̀. Èmi ni mo di fóònù mú. Ojú wọn kún inú rẹ̀, orí wọn wà láìsí fìlà, omi ń bọ́ lójú wọn. Lẹ́yìn wọn, èrò pọ̀ bí kí ni, gbogbo rẹ̀ funfun. Ìyá Fadilah bú sẹ́kún. Làbákẹ́, tí kì í tiẹ̀ ṣe Mùsùlùmí, náà bú sẹ́kún.

Àlàájì Abdussalam ní, "Gbé fóònù yẹn jìnnà sójú ẹ, Ọ̀ṣẹ́nì! Ihò imú ẹ nìkan là ń rí láti Mẹ́kà!"

Ọ̀gá gbé e jìnnà. Wọ́n nu ojú. Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀, gbogbo wa sì dákẹ́ kí a lè gbọ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí yóò ti ilẹ̀ mímọ́ wá. Ni ojú wọn bá kọjá èjìká mi. Ó yí padà.

"Roqeeb! Ta ló gbé àga oníbàárà sínú òjò?"

Mo ju fóònù sọ́wọ́ Àlàájì Abdussalam, mo sáré lọ gbé e wọlé.